Àṣekágbá Purdue àti UConn: ṣé apá Clingan nìkan yóò ká Zach Edey?

Olùkọ́ Eré Ìdárayá, Ìlésà
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù kẹrin, 2024

Ẹ kú ìsinmi, ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu àwẹ̀, ẹ kú òùngbẹ o, Ọlọ́run yóò gbà á. Ìbéèrè kan ni mo mú wá lórí àṣekágbá ìdíje àwọn yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí Purdue àti Connecticut, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní UConn, yóò gbá ní Glendale ní ìpínlẹ̀ Arizona. Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n aago méjì òru kọjá ogún ìṣẹ́jú, mọ́júmọ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ni yóò jẹ́ lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ń fọkàn bá ìdíje náà lọ láti oṣù tó kọjá yóò ti mọ̀ pé Zach Edey ni ojú gbogbo ènìyàn wà lára rẹ̀. Ọmọ Toronto ní Kánádà ni, ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7 àti íńṣì 4, ọdún kejì léraléra sì rèé tí wọ́n ń yàn án gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ láàrin àwọn yunifásítì. Nígbà tí wọ́n pàdé Tennessee, àmì 72 ni Purdue ní, Edey nìkan ló sì kó 40 jọ nínú rẹ̀. Lánàá, níwájú North Carolina State, ó tún kó àmì 20, ó sì mú bọ́ọ̀lù 12 tó ta padà lára apẹ̀rẹ̀. 63 sí 50 ni wọ́n parí rẹ̀ sí. UConn ní tiwọn ní Donovan Clingan, ẹni tó fi íńṣì 2 péré kúrú sí Edey, tí Illinois kò sì ní gbàgbé bọ̀rọ̀: ìgbà 19 ni wọ́n ju bọ́ọ̀lù níbi tí ọwọ́ Clingan ti nà sókè níwájú wọn, ẹyọ kan kò wọlé.

Ìdí tí mo fi ń béèrè kò ju pé èmi náà ní Edey tèmi. Ọmọkùnrin kan wà nínú ikọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń ṣiṣẹ́, tó jẹ́ pé bó bá dúró láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ńṣe ló dà bí ọ̀pẹ láàrin ẹ̀gẹ́. Ní sáà tó kọjá, àwọn kan tí a jọ gbá a fi ọmọ méjì dè é mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn mẹ́rin tó kù nínú ikọ̀ mi sì ń wò bọ̀ọ̀ bí ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, nítorí pé wọn kò mọ ohun mìíràn í ṣe ju kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún un lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rò ó: bí ènìyàn bá ní òmìrán, báwo ló ṣe yẹ kó lò ó; bó bá sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ní in, báwo ni a ṣe ń dá a dúró? Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí UConn fi Clingan nìkan ti Edey ni, àbí kí ènìyàn méjì máa ká a mọ́? Ikọ̀ wo ni ẹ sì rò pé yóò gbé ife-ẹ̀yẹ náà lọ?

Akẹ́kọ̀ọ́ Fájuyì, OAU

Ẹ kú iṣẹ́ sà, Olùkọ́ wa. N kò ní fi sábẹ́ ahọ́n sọ: UConn ni yóò borí.

Ìgbà márùn-ún ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ti gbá a nínú ìdíje yìí kí wọ́n tó dé àṣekágbá. UConn fi àmì 39 ju Stetson lọ, wọ́n fi 17 ju Northwestern, 30 ju San Diego State, 25 ju Illinois, wọ́n sì fi 14 ju Alabama lánàá. Bí a bá ro ó pọ̀, ó jẹ́ 125, èyí tó túmọ̀ sí pé àmì 25 ni wọ́n fi ń ju alátakò lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá sì ka ti ọdún tó kọjá mọ́ ọn, nígbà tí wọ́n na San Diego State ní 76 sí 59 kí wọ́n tó gba ife-ẹ̀yẹ, ó di ìgbà 11 léraléra tí wọn kò fi ohun tó dín ní àmì 10 borí ẹnikẹ́ni. Ní ti Illinois tí ẹ mẹ́nu bà, 23 sí 23 ni àwọn méjèèjì jọ wà. Kí Illinois tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti di 53 sí 23. Yàrá ọ̀rẹ́ mi kan ni mo wà lálẹ́ ọjọ́ náà, ohun tí a kọ́kọ́ rò ni pé íntánẹ́ẹ̀tì ti há, pé fóònù kò gbé iye àmì Illinois lọ sókè mọ́. A pa á, a tún un tàn, 23 náà ló ṣì wà níbẹ̀.

Ní ti ìbéèrè yín gan-an, mo ní kí wọ́n fi Clingan nìkan tì í. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n rò pé Edey nìkan ni Purdue. Ẹ wo àwọn tó yí i ká: Braden Smith tó ń darí bọ́ọ̀lù, Fletcher Loyer, Lance Jones, Mason Gillis. Bí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù 10 láti ẹ̀yìn ìlà alámì mẹ́ta, nǹkan bí 4 ń wọlé, ikọ̀ tó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà kò pọ̀. Nígbà tí ènìyàn méjì bá sáré lọ bo Edey, orí wọn ni yóò máa wò kọjá, yóò sì rí ẹni tó dá dúró lẹ́yìn ìlà láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Bọ́ọ̀lù tí Edey bá fọwọ́ ara rẹ̀ jù, àmì 2 ni. Èyí tó bá gbé fún Loyer, 3 ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó jẹ tirẹ̀. Kó kó 35, kó kó 40 bó bá wù ú, kí Clingan ṣáà lóṣòó tì í bí òṣómàáló tó wá gba owó aṣọ (Olùkọ́ wa, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀ṣà lẹ ni ọ̀rọ̀ yẹn, mo kàn yá a lò ni), kí ó má jẹ́ kó rí ibi ìrọ̀rùn dúró sí, kí àwọn mẹ́rin tó kù má sì fi ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ sílẹ̀ láti lọ ran Clingan lọ́wọ́.

Ohun kan tún wà. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún Edey ni Smith, ẹsẹ̀ bàtà 6 péré ni. Ẹni tí UConn máa fi tì í ni Stephon Castle, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íńṣì 6, tó jẹ́ pé ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì rèé, síbẹ̀ tó kó àmì 21 lọ́wọ́ Alabama. Bí Castle bá dí ojú Smith, bọ́ọ̀lù yóò máa pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ Edey, ìṣẹ́jú àáyá 30 tí òfin gbà wọ́n láyè láti ju bọ́ọ̀lù sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé nígbà náà.

Ọmọ Mọdákẹ́kẹ́

Àbúrò mi Fájuyì, ìṣirò rẹ dán mọ́rán, ṣùgbọ́n o fi ohun kan sílẹ̀. O ní kí Clingan lóṣòó ti Edey. Ìṣẹ́jú mélòó ló fẹ́ fi lóṣòó? Ìṣẹ́jú 40 ni wọ́n ń gbá, abala méjì tó jẹ́ 20 lọ́kọ̀ọ̀kan, Clingan kì í sì í sábà lò ju nǹkan bí 22 lọ lórí pápá. Edey ní tirẹ̀, bí ayò bá ti le, kì í jáde. Ní yunifásítì, fáàwù (ìyẹn ẹ̀ṣẹ̀ lórí pápá) márùn-ún ni ènìyàn ń ṣe tí wọ́n fi ń lé e jáde, kì í ṣe mẹ́fà bíi ti NBA, ìdíje àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí jẹun, kò sì sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi fáàwù kó sẹ́ńtà (ẹni gíga tó ń dúró lábẹ́ apẹ̀rẹ̀) ẹlòmíràn nílé bí Edey. Èmi náà gbá bọ́ọ̀lù yìí nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́, sẹ́ńtà ni mí, mo sì mọ bó ṣe ń rí lára ènìyàn tó bá ti ní fáàwù mẹ́ta kí abala kìíní tó parí: ọwọ́ kò ní lè nà dáadáa mọ́, ẹsẹ̀ yóò máa rò ó kó tó gbé, akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò sì máa pariwo orúkọ rẹ láti ẹ̀gbẹ́ pápá bí ẹni pé ìwọ lo ni súfèé rẹfirí.

Bí Clingan bá bọ́ sórí ìjókòó, Samson Johnson ni yóò wọlé. Ọmọ Togo aládùúgbò wa ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, ó lè sáré, ó lè fò. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íńṣì 10 ni, kò sì gbórín tó Edey rárá. Ńṣe ni yóò dà bí ẹni tó dá nìkan ń ti tírélà tó kú sórí òkè. Bó bá jẹ́ Adama Sanogo ọmọ Mali ti ọdún tó kọjá ló ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó ń gbààwẹ̀ láàrin ìdíje tó sì tún jẹ́ pé òun ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù lọ, ó ṣeé ṣe kí èmi náà wà lẹ́yìn UConn. Sanogo ti lọ.

Mo tún fẹ́ kí a rántí ibi tí Purdue ti ń bọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, ipò kìíní ni wọ́n tò wọ́n sí, Fairleigh Dickinson tí wọ́n tò sí ipò 16, ìyẹn ipò ìsàlẹ̀ pátápátá, tó jẹ́ pé kò sí ikọ̀ tó kúrú tó tiwọn ní gbogbo ìdíje náà, sì nà wọ́n ní 63 sí 58. Edey yìí kan náà wà lórí pápá lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀ẹ̀kejì péré nìyẹn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ìdíje àwọn ọkùnrin. Virginia ni ó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí, nígbà tí UMBC nà wọ́n ní 74 sí 54 ní 2018. Ẹ bi mí pé kí ni Virginia ṣe ní 2019: àwọn ni wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Purdue, Matt Painter, kò lé ẹnikẹ́ni lọ lẹ́yìn ẹ̀sín náà, Edey sì padà wá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Purdue ti dé àṣekágbá rí, ní 1969, UCLA sì nà wọ́n ní 92 sí 72. Ebi ọdún 55 ló ń pa wọ́n. UConn ti jẹun ẹ̀ẹ̀marùn-ún.

Ní ti aago méjì òru, kò kàn mí. Bí wọn kò bá rí oṣù lálẹ́ ọ̀la, mo ní láti jí dáná sààrì, kí n kàn tètè jí díẹ̀ ni. Bí wọ́n bá sì rí i, ta ni yóò sùn ní àìsùn ọdún?

Akẹ́kọ̀ọ́ Fájuyì, OAU

Ẹ̀gbọ́n, lórí ọ̀rọ̀ fáàwù yẹn, ẹ gbá mi mú. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo rò pé ẹ ń béèrè ohun tó pọ̀ jù lọ́wọ́ Johnson. Kò pọn dandan kó dá Edey dúró; fáàwù márùn-ún ni òun náà ní, kó ná gbogbo rẹ̀ tán kó tó jókòó. Bí a bá ka ti Clingan mọ́ ọn, ó di 10 tí UConn lè ná sí ara ọkùnrin kan ṣoṣo. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé ó máa ń wọ́ àwọn bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ wá fún Purdue, mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ẹ kò tíì dé ni ìhà kejì pápá, nígbà tí UConn bá mú bọ́ọ̀lù. Edey kì í fẹ́ jìnnà sí apẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń dúró sí gbọnin bí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, ó sì tọ̀nà, nítorí bí ó bá jáde lọ sí ìta, àwọn kéékèèké yóò fi eré sá a sílẹ̀. Ohun tí Dan Hurley, akọ́nimọ̀ọ́gbá UConn, máa ṣe ni pé kí Clingan jáde wá dúró bí ògiri lọ́nà ẹni tó ń ṣọ́ Tristen Newton tó ń darí bọ́ọ̀lù wọn, kí Newton yí ògiri náà po, kó sì rí àyè ìgbésẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàrin ibi tó wà àti ibi tí Edey dúró sí. Nínú àyè yẹn, ó lè jù ú, ó lè gbé e fún Cam Spencer lẹ́yìn ìlà, ó sì lè ta á sókè kí Clingan gbá a wọlé láti òkè apẹ̀rẹ̀. Wọn kì í sì í ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n dúró. Bí èkíní kò bá yọrí, wọ́n tún ń ṣe èkejì àti ẹ̀kẹta láàrin ìṣẹ́jú àáyá 30 náà. Ẹni tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7 àti íńṣì 4 tó ń sá síwá sá sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 40, ó máa rẹ̀ ẹ́ kó tó kú ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lánàá, 56 sí 56 ni Alabama bá wọn dé ní abala kejì, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rẹ Alabama, ẹ rí bó ṣe parí: 86 sí 72.

Ẹ sì jẹ́ kí n fi èyí kún un. Northwestern tí UConn nà ní 75 sí 58 láìlàágùn, àwọn kan náà ni wọ́n na Purdue ní 92 sí 88 ní oṣù kejìlá.

Ọmọ Mọdákẹ́kẹ́

Kí ló dé tí o kò sọ ìyókù? Ní oṣù kìíní ọdún yìí, Purdue gba tirẹ̀ padà lọ́wọ́ Northwestern, 105 sí 96. Alabama tí o ń sọ pé ó bá UConn dé 56 sí 56, Purdue ti nà wọ́n ní 92 sí 86 ní Toronto nínú oṣù kejìlá, tí Edey sì kó àmì 35 lójú àwọn ará ilé rẹ̀. Bí a bá fẹ́ máa fi ẹni kẹta wọn ara wa, ìwọ̀n náà yóò máa yí sí ìhín, yóò máa yí sí ọ̀hún, ilẹ̀ yóò sì mọ́ bá wa níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ògiri tí o sọ yẹn ni mo ń bẹ̀rù ní tòótọ́.

Bàbá Houston, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ọ̀sán, inú mi sì dùn pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ. Orúkọ tí mo ń jẹ́ níbí kì í ṣe àṣà lásán: mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Houston ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí òkè, nígbà tí Hakeem Ọlájuwọn, tí àwọn ará ibẹ̀ ń kọ orúkọ rẹ̀ ní Akeem nígbà náà, ń gbá a fún Yunifásítì Houston. A kì í pa á jẹ. Bí a kò bá rí owó wọlé, a máa ń pé jọ sí iyàrá ẹni tó bá ní tẹlifíṣọ̀n, àwọn òyìnbó tó ń gbé nínú ilé náà a sì máa ṣe kàyéfì pé kí ló ń mú àwọn ọmọ Nàìjíríà hó bẹ́ẹ̀.

North Carolina State tí Purdue lé lọ lánàá yẹn, ẹ kò mọ ọgbẹ́ tó wà láàrin èmi àti wọn. Ní 1983, ní Albuquerque, 52 sí 52 ni àwa àti wọn wà, ó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹnìkan nínú wọn ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn tí kò tilẹ̀ kan irin apẹ̀rẹ̀, Lorenzo Charles sì fò, ó gbá a mú lófuurufú, ó rì í wọlé. 54 sí 52. Hakeem kó àmì 20, ó mú bọ́ọ̀lù 18 tó ta padà, òun ni wọ́n sì yàn ní ẹni tó tayọ jù lọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ̀ rẹ̀ ló pàdánù. Kí ni kí ènìyàn fi ìyẹn ṣe? Nítorí náà, nígbà tí mo rí 63 sí 50 lánàá, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ti ọdún 1984 gan-an ni mo fẹ́ sọ, nítorí òun ló jọ èyí tí ẹ ń dúró dè. Ní Seattle ni, Houston àti Georgetown. Láti ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni àwọn ìwé ìròyìn ti ń kọ ọ́ pé Ọlájuwọn àti Patrick Ewing ni, òmìrán kojú òmìrán, bí ẹni pé àwọn mẹ́jọ tó kù lórí pápá wá wòran ni. Àwa náà gbà á gbọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì de ara wọn lọ́wọ́: Hakeem kó 15, Ewing kó 10. Abala kejì kò tíì lọ ibì kankan tí Hakeem fi ní fáàwù kẹrin, láti ìgbà náà ló sì ti ń fi ẹ̀sọ̀ rìn, gẹ́gẹ́ bí ọmọbìnrin mi láti Mọdákẹ́kẹ́ ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tó wá pa wá ni Reggie Williams, ọmọ ọdún àkọ́kọ́ ní Georgetown, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dárúkọ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ náà wá. Ó kó 19. 84 sí 75 ni wọ́n fi borí, John Thompson sì di akọ́nimọ̀ọ́gbá aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ náà.

Nítorí náà, Olùkọ́, nígbà tí ẹ bá béèrè bóyá apá Clingan ká Edey, ìdáhùn mi ni pé kò ní láti ká a. Igi kan kì í dá igbó ṣe, ẹni tó bá sì wọ igbó, kì í ṣe ìrókò ló sábà máa ń gún un lẹ́sẹ̀. Ẹ wá ẹni tó máa jẹ́ Reggie Williams. Ní UConn, mo rí mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó lè jẹ́ ẹ, Castle ló sì wà lókè. Ní Purdue, Jones àti Loyer ni mo rí, àwọn méjèèjì sì ní láti ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn nínú gbọ̀ngàn tó tóbi tó pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, níbi tí ẹ̀yìn apẹ̀rẹ̀ ti ṣófo gbàgàdà, tí ojú kì í sì í rí ohun tó máa fi díwọ̀n. Irú ibẹ̀ náà ni wọ́n ti gbá ti Seattle.

UConn kò ṣàì mọ bí wọ́n ṣe ń lo ẹni gíga. Ní 2004, Emeka Okafor, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n sì bí i sí Houston kan náà tí mo ń sọ, ló ṣáájú wọn na Georgia Tech ní 82 sí 73. Ohun kan ṣoṣo tó ń dá mi dúró ni pé láti ìgbà tí Florida ti gbà á ní 2006 àti 2007 títí di 2023, kò sí ẹni tó tún gba ife-ẹ̀yẹ yìí lọ́dún méjì léraléra. Síbẹ̀, mo fi tèmi sí 74 sí 67, UConn.

Olùkọ́ Eré Ìdárayá, Ìlésà

Bàbá wa, ẹ ṣeun púpọ̀ sà, ẹ ó pẹ́ fún wa. Ẹ̀gbọ́n Mọdákẹ́kẹ́ àti àbúrò wa Fájuyì, mo dúpẹ́. Mo ti wá rí i pé ìbéèrè tí mo mú wá kò pé. Mo ń béèrè nípa ọmọ gíga, nígbà tó jẹ́ pé àwọn mẹ́rin tó yí i ká ni ìṣòro mi.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín: nínú àwọn mẹ́rin náà, kò sí ẹni tó lè dúró lẹ́yìn ìlà kó ju bọ́ọ̀lù 10 kí 4 wọlé. Bí 1 bá wọlé, a ó jó. Sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ pápá wa, irin apẹ̀rẹ̀ kan sì ti tẹ̀ láti ọjọ́ tí àwọn ọmọ ti ń rọ̀ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá tún fi ènìyàn méjì ti ọmọ mi, kí ni àwọn tí kò lè ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè yóò ṣe?

Ọmọ Mọdákẹ́kẹ́

Kí wọ́n má dúró, Olùkọ́ wa. Bí ẹ bá ń wo Purdue lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ mójú kúrò lára Edey fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ máa wo Trey Kaufman-Renn. Òun kì í ṣe ẹni tó ń dúró lẹ́yìn ìlà. Nígbà tí ojú gbogbo ènìyàn bá wà lára Edey, ó máa ń yọ́ gba ẹ̀yìn wọn wọ abẹ́ apẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ti máa ń bá a. Ohun tí mo máa kọ́ àwọn ọmọ yín bí mo bá jẹ́ yín nìyẹn: bí ẹni kejì bá ti fi ẹsẹ̀ kan kúrò lọ́dọ̀ rẹ láti lọ bo ọmọ gíga, sáré lọ sí ibi tó ti kúrò, má wo bọ́ọ̀lù, sáré ná. Ọmọ gíga náà yóò rí ọ, ó kúkú ga. Kí ẹ sì kọ́ òun náà pé kó máa gbé bọ́ọ̀lù sókè orí nígbà tó bá mú un, kó má mú un wá sí àyà rárá, nítorí àyà rẹ̀ ni orí àwọn kúkúrú wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já a gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ èmi yìí nìkan, àwọn ọmọ yín lè tètè mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Kò gba pé kí irin apẹ̀rẹ̀ tọ́.

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, a gbọ́ ti Seattle. Ṣùgbọ́n ní ti gbọ̀ngàn tó tóbi, inú gbọ̀ngàn Glendale yìí kan náà ni Purdue ti ju bọ́ọ̀lù 10 wọlé láti ẹ̀yìn ìlà lánàá, tí Smith gan-an kò sì rí bọ́ọ̀lù jù dáadáa. N kò tíì kúrò lẹ́yìn wọn. Purdue, 73 sí 70.

Àbúrò mi Fájuyì, fi nọ́ńbà rẹ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Bí Clingan bá fi ní fáàwù 2 kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ tó pé, mo máa pè ọ́, mi ò sì ní bìkítà pé o ń sùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Fájuyì, OAU

Ẹ pè mí, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí Loyer àti Jones bá ju bọ́ọ̀lù mẹ́ta àkọ́kọ́ wọn tí kò wọlé, èmi ni yóò kọ́kọ́ pè yín, kí ẹ sì rántí bo ìkòkò sààrì yín kí ẹ tó gbé e.